Àpò Oògùn Tíntìntín fún Ìtọ́jú Àrùn Jẹjẹrẹ

Àwọn kókó pàtàkì
• Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi pọ́límà ṣe àpò tíntìntín tí ń gbé oògùn jẹjẹrẹ wọ inú sẹ́ẹ̀lì.
• Ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn lára àpò náà wà fún títọpa oògùn. Kì í wo àrùn sàn.
• Doxorubicin lásán yàtọ̀ sí èyí tí a fi sínú àpò. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Kí ni ìdí tí a fi nílò àpò?
Doxorubicin jẹ́ oògùn tí a ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú àti oríṣi jẹjẹrẹ mìíràn. Ó ń ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì náà má baà lè pín mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ni ó ń rìn dé: irun a máa re, ẹnu a máa dá egbò, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dín kù. Bí àpapọ̀ ìwọ̀n tí aláìsàn ti gbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu àìlera ọkàn ń pọ̀ sí i.

Báwo ni àpò náà ṣe ń ṣiṣẹ́?
Ìbú púpọ̀ nínú wọn jẹ́ nǹkan bí 100 nánómítà. Ti fọ́nrán irun orí kan tó nǹkan bí 80,000. Sẹ́ẹ̀lì a fi awọ ara rẹ̀ yí àpò náà ká, a sì gbé e mì. Ibi tí ó gbé e sí nínú lọ́hùn-ún a máa kan. Irú pọ́límà kan wà tí ń tú ká níbi kíkan bẹ́ẹ̀, oògùn a sì jáde.

Kí ni ìmọ́lẹ̀ wà fún?
Bí a bá tan iná aláwọ̀ búlúù sí doxorubicin, òun fúnra rẹ̀ a máa tàn pupa rúsúrúsú. Bí a bá fi ohun atànmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mìíràn sára pọ́límà, olùwádìí lè fi máíkírósíkóòpù wò ó bóyá oògùn ti kúrò nínú àpò, àti bóyá ó ti dé ibi tí DNA wà.

Níbo ni iṣẹ́ dé?
Púpọ̀ jùlọ àwọn àpò atànmọ́lẹ̀ wọ̀nyí ṣì wà ní yàrá ìwádìí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1995, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí doxorubicin inú àpò ọ̀rá tí a fi pọ́límà bò, fún jẹjẹrẹ Kaposi lára àwọn tí ó ní àrùn Éèdì. Ewu rẹ̀ fún ọkàn kéré sí ti oògùn lásán, ṣùgbọ́n ó lè mú kí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pọ́n, kí wọ́n sì máa ro aláìsàn.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera
Ẹ ka orúkọ ara ìgò tán kí ẹ tó fa oògùn. Bí ọ̀rọ̀ náà liposomal bá wà níbẹ̀, ti inú àpò ọ̀rá ni. Ìwọ̀n lílò wọn kò dọ́gba. Ṣíṣi ọ̀kan mú fún èkejì lè pa aláìsàn. Ẹ máa kọ àpapọ̀ ìwọ̀n tí aláìsàn ti gbà sínú ìwé rẹ̀.

Fún aláìsàn
Ìtọ̀ yín lè pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ta yín nígbà tí oògùn ń wọlé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ara yín bá gbóná tàbí tí mímí bá ṣòro, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dá ìtọ́jú tí ẹ ń gbà dúró nítorí pé ẹ ń retí oògùn tuntun.