Bí A Ṣe Ń Wọn Ohun tí Omi Ẹ̀wà àti Omi Àgbọn Ń Ṣe sí Gbòǹgbò Àgbàdo

Bí a bá rẹ ẹ̀wà pupa mọ́jú, omi rẹ̀ á pọ́n bí àgbo. Èèpo ẹ̀wà ló mú un pọ́n. Èròjà tí wọ́n ń pè ní tannin àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà nínú èèpo yìí kì í jẹ́ kí kóró tètè rà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n lè ká gbòǹgbò lọ́wọ́ kò. Ẹ jẹ́ ká fojú ara wa rí i.

1. A ó ṣa ife ẹ̀wà pupa kan, a ó fi ife omi méjì rẹ ẹ́ fún wákàtí 12. Kò gbọdọ̀ kan iyọ̀, kò sì gbọdọ̀ kan iná. Ká sẹ́ omi náà sọ́tọ̀. Ẹ̀wà yẹn ò ṣòfò o, ẹ sè é jẹ.

2. Ká po ṣíbí ìjẹun omi àgbọn 1 mọ́ ṣíbí omi lásán 9. Cytokinin àti auxin, èròjà tí ewéko fi ń darí ìdàgbàsókè ara rẹ̀, wà nínú omi àgbọn. Lọ́dún 1941, Johannes van Overbeek àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ó ní Amẹ́ríkà láti tọ́ ọlẹ̀ inú kóró ewéko Datura dàgbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló ṣe kókó: auxin díẹ̀ a máa ran gbòǹgbò lọ́wọ́, àpọ̀jù rẹ̀ a sì dá a dúró. Cytokinin ní tirẹ̀ kì í sábà jẹ́ kó gùn.

3. Ká tẹ́ tíṣù ìlọ́po mẹ́rin sínú àwo pẹrẹsẹ mẹ́ta. Ká kọ A sára àwo omi lásán, B sára ti omi ẹ̀wà, D sára ti omi àgbọn. Ká fi omi ọ̀kọ̀ọ̀kan rin tíṣù tirẹ̀. Kó tutù, kó má ṣe kún fún omi. Kóró àgbàdo mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti ara ṣúkù kan náà, la ó tò sí i. Ẹ má lo irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa láró.

4. Ká fi ọ̀rá bo àwo, ká gbé wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láràárọ̀, èyí tó bá ń gbẹ, ká fi ṣíbí kékeré kan omi tirẹ̀ kún un. Omi àgbọn a máa tètè kan, nítorí náà ká máa po tuntun lójoojúmọ́. Kóró tó bá bu, ká yọ ọ́ dànù kó má ran àwọn yòókù.

5. Lọ́jọ́ karùn-ún, ká fi rúlà wọn gbòǹgbò àkọ́yọ láti ibi tó ti jáde dé ṣóńṣó rẹ̀. Ká ro gbogbo ti àwo kọ̀ọ̀kan pọ̀, ká fi iye kóró tó hù nínú rẹ̀ pín in. Èyí tí kò hù, ká kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ mìlímítà kan tàbí méjì kò tó nǹkan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò náà dáadáa: èyí tó kúrú, tó sì yọ ẹ̀ka púpọ̀, kò kú. Ohun tó lè mú un kúrú ni pé àwọn èròjà kan nínú èèpo ẹ̀wà lè dí auxin lọ́nà bó ṣe ń rìn nínú gbòǹgbò.

Bí gbòǹgbò inú B bá kúrú ju ti A lọ, ká bu omi la omi ẹ̀wà dé ìdajì, ká tún un ṣe. Títí ẹ ó fi rí ìwọ̀n tí kò pa gbòǹgbò lára, ẹ jọ̀ọ́, omi lásán ni kí ẹ máa fi rin irúgbìn yín.