Bí mo ṣe so MIDI controller mọ́ REAPER, àti ibi tí ó ti fìyà jẹ mí

Lónìí, ọ̀rọ̀ MIDI controller ni mo fẹ́ ká jọ sọ, pàápàá fún àwa tó jẹ́ pé máòsì nìkan la fi ń ṣe mixing. Ẹ̀rọ náà dára, àmọ́ ó ti fìyà jẹ mí rí.

Orin ẹgbẹ́ akọrin kan ló wà lọ́wọ́ mi, track 18: ìyá ìlù, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gìtá, dùùrù àti ohùn àwọn akọrin. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Lálẹ́, mo fọwọ́ kan fader aṣáájú orin, ohùn bá bú sókè gbàù! Mo yára fà á wálẹ̀, mo jẹ́ kí orin lọ dé òpin, mo save, mo lọ sùn. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, gbogbo bí mo ṣe tún ohùn náà ṣe, tó ga níbí, tó lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ti pa rẹ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

MIDI kì í gbé ohùn

Nọ́ńbà ló ń gbé. Bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ni: rìmóòtù kì í sọ̀rọ̀, àṣẹ ló ń pa, tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ̀rọ̀. Láti 1983 tí MIDI ti dé, bí a bá ti fader sókè, nǹkan mẹ́ta ló ń fi ránṣẹ́: irú àṣẹ náà pẹ̀lú channel rẹ̀, nínú 16 tó wà, nọ́ńbà control, àti iye rẹ̀, láti 0 dé 127. Nínú ìlànà MIDI, control 7 ni volume, 10 sì ni pan.

Bí mo ṣe tò ó

Korg nanoKONTROL2 lèmi ń lò: fader 8, knob 8. CC mode ni mo fi í sí.

1. Mo ki wáyà USB bọ kọ̀ǹpútà kí n tó ṣí REAPER.
2. Nínú Preferences, mo lọ síbi MIDI, mo wá orúkọ ẹ̀rọ náà, mo tan "Enable input" àti "Enable input for control messages".
3. Mo ṣí Actions, mo wá "Track: Set volume for track 01", mo tẹ Add, mo sì ti fader àkọ́kọ́. REAPER dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ìyókù.

Fader 8, track 18, báwo ló ṣe fẹ́ tó? Mo kó àwọn ìlù sínú folder kan, àwọn agberin sínú òmíràn. Folder ni fader ń darí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: nọ́ńbà track ni REAPER ń wò, kì í ṣe orúkọ. Bí folder agberin bá wà ní ipò 6, "track 06" lẹ máa yàn. Bí ẹ bá wá fi track tuntun sókè rẹ̀, fader yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í darí nǹkan mìíràn.

Ibi tí mo ti ṣìnà

Fader kékeré yìí kò ní mọ́tò. Bí mo bá fi máòsì fa ohùn wálẹ̀ nínú REAPER, fader kò mọ̀; ó ṣì wà lókè níbi tí mo fi í sí. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, ó fi nọ́ńbà òkè ránṣẹ́, REAPER sì gbọ́ràn. Òun ló fa gbàù yẹn. Èkejì, mo ti gbàgbé track náà sórí Write. Write kì í bi èèyàn: bí orin ṣe ń lọ, ó ń kọ ipò tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ní ètò tí wọ́n ń pè ní soft takeover tàbí pickup: fader kò ní ṣiṣẹ́ àfi tó bá kan ibi tí ohùn wà gan-an. Ní ti automation, Trim/Read ni mo ń fi gbogbo track sí báyìí. Bí mo bá fẹ́ kọ nǹkan, Latch ni mo ń lò, torí kì í kọ ohunkóhun títí màá fi mú fader.

Ọ̀sán ni mo tó parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn tó ni orin jókòó sílé mi, ojú sì tì mí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fader, ẹ save iṣẹ́ yín lórúkọ mìíràn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.