Ẹ Jẹ́ Ká Dá Ọjọ́ fún Àdúgbò Wa

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Gọ́tà tó dí níwájú ilé aládùúgbò lónìí, yàrá wa lomi rẹ̀ lè wọ̀ lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀. Ọmọ ilé kejì tí kò mọ̀wé kà, òun náà ni ọmọ tiwa yóò bá ṣòwò, tí yóò bá dìbò, tí wọn yóò sì jọ gbé ìlú lọ́la. Kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìṣòro àdúgbò síta. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí pé kó yọ ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ ìlú, iṣẹ́ tí kò ní gbowó lé lórí.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ sọ: “Èmi tí n kò tíì jẹun yó, kí ni mo fẹ́ fún ará àdúgbò?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Oúnjẹ wọ́n, owó ọkọ̀ ń gorí ara wọn. Ṣùgbọ́n òwe kan wà tó dáhùn ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹni tó mọ ìṣirò ní nǹkan tó lè fi ta ọmọ aládùúgbò lọ́rẹ. Ẹni tó ní ṣọ́bìrì nílé náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì mọ́, náà ní tirẹ̀. Ohun tó ṣòroó rí nínú iṣẹ́ ìlú ni ọjọ́: ọjọ́ tí a dá, tí gbogbo wa mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò lọ́jọ́, ìlérí lásán ni.

Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Nínú àárò, àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba ni í para pọ̀. Lónìí wọ́n wà lóko Àkàndé, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n wà lóko Àjàní, títí yóò fi kárí. Olóko ló ń wá oúnjẹ ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá ti bá ṣiṣẹ́, tó wá sá nígbà tó kan oko ẹlòmíì, ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, ó sì lè má rẹ́ni tẹ̀ lé e lọ sóko mọ́. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ìpè: ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ bo òrùlé yóò ké sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, àna tuntun náà yóò sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá ìyàwó. Nínú méjèèjì, a ti mọ ọjọ́, a ti mọ iṣẹ́, a sì ti mọ ẹni tó ń bọ̀.

Nígbà tí ayé ìwé dé, ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n mú wọ ìlú. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe ní Iléṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Àwọn ọmọ ìlú kò jókòó títí ìjọba amúnisìn yóò fi rántí wọn. Wọ́n para pọ̀, wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ kalẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn regbéregbé tí ẹ ń rí nínú aṣọ olówó iyebíye níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ lásán. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni wọ́n, wọ́n sì máa ń dáwó fún iṣẹ́ ìlú. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

A tún ti rí irú iṣẹ́ ìlú mìíràn, èyí tí wọ́n fi pàṣán mú wa ṣe. Láyé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, láàárín 1984 sí 1985, ni ìmọ́tótó àyíká di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ṣọ́jà. Nígbà tó yá, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn ní títì láàárọ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó mú òfin ká-má-rìn náà kúrò ní 2016, ọ̀pọ̀ ilé ló gbé ṣọ́bìrì wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí a bá fi ìbẹ̀rù kọ́ni, ọjọ́ tí ìbẹ̀rù bá lọ ni í dópin. Ohun tí a bá fi ìfẹ́ dá sílẹ̀ fúnra wa nìkan ló lè pẹ́.

Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, tó wà nítòsí, tí ojú yín ń rí lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà òpópónà yín. Ẹ pe ilé márùn-ún tí omi ẹ̀gbin wọn jọ ń gba ibẹ̀, kí ẹ dá Sátidé kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, nítorí ìgò fífọ́ kì í han nínú ẹrẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí omi ń ṣàn lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wà á lọ sókè, kí omi lè máa rí ibi gbà bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa ṣa ọ̀rá píọ̀-wọ́tà sínú àpò kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọn á kó iyanrìn dúdú náà jọ sétí gọ́tà, wọn á lọ wẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá a padà sínú. Bí báàrọ̀ tí yóò kó o lọ kò bá tíì sí nílẹ̀, ẹ má tíì wà á.

Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ṣọ́bìrì lè kọ́ ọmọ níwèé. Ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà nílé, ìyá oníṣòwò tó mọ ṣíṣe ìṣirò owó lórí, gbogbo wọn ló lè ṣe lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Pátákó kan àti ṣọ́ọ̀kì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà tí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́fun sàn ju ọgbọ̀n ọmọ tó ń pariwo “A, B, D” láìmọ̀ ọ́n kà. Ẹ ṣe é ní gbangba, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kí àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí òbí sì fọwọ́ sí i. Ìfọ̀kànbalẹ̀ òbí wà lára iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọrẹ mìíràn wà tí kò gbà ju wákàtí kan lọ, tó sì lè gba ẹ̀mí là: ẹ̀jẹ̀. Ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọmọ tí ibà ti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí ọkọ̀ gbá, gbogbo wọn ló ń dúró de ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ tán ni mọ̀lẹ́bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri pé ta ni kó wá fún un lẹ́jẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tí ara rẹ̀ le, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kílò 50, lè lọ sí ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ fún àyẹ̀wò. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó pọ̀ tó, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbà tó mílílítà 450, ara a sì dá a padà. Ọkùnrin lè tún fúnni lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbé sínú ẹ̀rọ amóhuntutù kì í sábà lò ju ọjọ́ 35 lọ kó tó di èyí tí wọ́n ń dànù. Nítorí náà, èrò púpọ̀ tó ya lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè pèsè ẹ̀jẹ̀ tí yóò tó ọdún kan lò. Àwọn tó dá ọjọ́, tí wọ́n sì ń padà lọ, ni ilé ìwòsàn nílò.

Bí iṣẹ́ bá ti gba owó, ẹ tọ́jú ìṣirò rẹ̀. Ẹni kan kó gba owó, ẹlòmíì kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á jáde létí gbogbo èèyàn, tàbí kí ẹ gbé e sórí WhatsApp àdúgbò pẹ̀lú rìsíìtì. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní ń gún. Àìmọ ibi tí ẹgbẹ̀rún náírà wọlé sí ti tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rere ká.

Ẹ ṣọ́ ẹnu náà. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Má ṣe ya fọ́tò ọmọ tí o fún níwèé kí o máa gbé e kiri; ìtìjú rẹ̀ kì í ṣe owó tó máa fi san oore. Má sì fi ebi pa ará ilé rẹ nítorí ìyìn ará ìta, torí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí agbára rẹ kò bá ju wákàtí kan lóṣù, wákàtí kan náà ni kí o ṣèlérí, kí o sì mú un ṣẹ. Aládùúgbò tó ń wá lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta ló ń tún ìlú ṣe ju ẹni tó dé pẹ̀lú ariwo lọ́jọ́ kan, tí a kò rí mọ́.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wá aládùúgbò méjì. Ẹ yan iṣẹ́ kan. Ẹ dá ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sára ògiri tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Bí ẹ̀yin mẹ́ta nìkan bá jáde lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe ìwọ̀n tí agbára yín mọ, kí ẹ sì kéde ọjọ́ tó kàn kí ẹ tó túká. Bí òjò bá sì ba ọjọ́ náà jẹ́, ẹ sún un sí Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe pa á rẹ́.