Ó Ṣì Ń Bínú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bá àwa àgbà ṣiṣẹ́ ọgbà ní ọjọ́ Sátidé, mo rí àwòrán tí ẹ fi sórí WhatsApp. Ebè mẹ́fà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, tẹ̀tẹ̀ àti ìṣápá nínú wọn, ìgbẹ́ adìẹ tí ẹ kó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an lórí gbogbo wọn. Àwọn àgbà kan yìn yín, wọ́n ní iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ fi ọjọ́ kan ṣe. Mi ò fèsì. Ní ọjọ́ kẹjọ mo wọ táksí, mo lọ síbẹ̀. Etí ewé ti gbẹ bí ìwé tí iná rà, ọ̀pọ̀ ti dojú bolẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, wá bi mí bóyá omi tí òun ń bu sí i ni kò tó. Ìbéèrè ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ mọ bí a ṣe ń kọ ebè, ẹ mọ bí a ṣe ń fọ́n irúgbìn. Ajílẹ̀ ni mo wá bá yín sọ. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kì í ṣe ajílẹ̀. Tútù là ń pè é, bẹ́ẹ̀ iná ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń ta yín nímú nígbà tí ẹ bá tú àpò rẹ̀, òun náà ló ń jó gbòǹgbò. Ẹ sì rántí pé ní Libreville níbí, ìfápákó okoumé ni wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ adìẹ. Bí ìfápákó yẹn kò bá tíì jẹrà, oúnjẹ inú ilẹ̀ ni yóò máa jẹ kó lè jẹrà, ẹ̀fọ́ yín á sì máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mi ò tíì sọ ti àrùn tó wà nínú ìgbẹ́ tútù, ẹ̀fọ́ tí àwọn ọmọdé fẹ́ jẹ sì ni.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Faransé máa ń pè mí nínú oṣù Kẹta, á ní ìgbà ìrúwé ti dé, igi ti ń yọ òdòdó. Àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà agbedeméjì ayé kò ní òtútù tí a ń jí kúrò nínú rẹ̀. Ìrúwé tiwa ni oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá padà lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ tó ti wà láti oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n inú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, oṣù Keje ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Nzeng-Ayong, àwa la jọ ń yí òkìtì ajílẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló máa ń bu omi wọ́n ọn.

Ọmọ ọdún 21 ni mí nígbà tí mo ti Ìṣẹ́yìn dé ìlú yìí ní 1976. Ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin ni ọ̀gá mi, ọgbà rẹ̀ wà ní apá Alibandeng, òun ló ń kó ẹ̀fọ́ fún àwọn ìyá alátẹ ní ọjà Mont-Bouët. Odidi oṣù mẹ́rin, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irúgbìn. Òkìtì ni mo ń yí. Láàárọ̀, á ki àdá bọ àárín òkìtì, á kà dé ogún, á fà á yọ, á ní kí n di irin rẹ̀ mú. Bí mo bá yára fi sílẹ̀, á ní, “Ó ṣì ń bínú.” Ó di ọ̀la. Mo sunkún lóru ọjọ́ kan, pé ṣé iṣẹ́ ààtàn ni mo wá ṣe ní ìdálẹ̀.

Oṣù Keje 1978 ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ Benin kúrò ní Gabon, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tọmọ tìyàwó. Ẹrù tí ọ̀gá mi rí kó kò tó nǹkan. Kò sọ̀rọ̀ owó tí àwọn alátẹ jẹ ẹ́. Òkìtì tí a kó jọ lóṣù Kẹfà ló nawọ́ sí, ó ní, “Máa yí i. Má kó o sórí ebè títí òjò á fi dé.” Mo ń yí i. Nígbà tí òjò dé, mo di àdá mú, irin náà tutù. Tẹ̀tẹ̀ ọdún yẹn ni mi ò tíì rí irú rẹ̀ títí dòní, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ fi hàn. Mi ò rí ọ̀gá mi mọ́.

Òjò ibí ń lọ sí mílímítà 3,000 lọ́dún, lórí iyanrìn tí kì í mú oúnjẹ dúró. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè ṣe é láìsí ajílẹ̀. Ẹ kó ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, ẹ bu omi sí i kó rin bí aṣọ tí a fún, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí èyí tó wà lẹ́yìn lè wọ àárín lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi tapólì bò ó kí agbára rẹ̀ má bàa ṣàn lọ. Bí àdá bá tutù, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ bù ú sínú agolo, ẹ gbin èso tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí kò bá hù, tàbí tó hù tó rọ, ó ṣì ń bínú. Ẹ dúró dè é.

Mo ti kó ìgbẹ́ orí ebè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò, mo kó o jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bí a bá ń yí i láti oṣù Kẹwàá yìí, yóò ti jinná kí òjò oṣù Kejì tó dé. Ẹ wá ní Sátidé, aago méje àárọ̀, kí oníkálukú mú ṣọ́bìrì dání. Kí ọ̀kan nínú yín sì wá ọmọbìnrin yẹn lọ, kó sọ fún un pé omi rẹ̀ tó.