Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Ímeèlì Lórí Linux

Kíláàsì: SS 2, Abuja
Ẹ̀rọ: Debian tàbí Ubuntu

Ète
Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí Linux, kí ó sì lè tọpasẹ̀ èyí tí kò dé.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá
Gbogbo wọn ló ń lo Gmail lórí fóònù, àmọ́ fóònù kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Lórí Linux, Mutt la fi ń kọ lẹ́tà, òun náà la fi ń kà á. Postfix ló ń gbé e lọ. Ẹni tó bá ti fi wébíìlì ránṣẹ́ rí ní gáréèjì Jabi mọ̀ pé ọ̀tọ̀ lẹni tó di ẹrù, ọ̀tọ̀ ni dẹ́rẹ́bà.

Lẹ́tà tí kò jáde nílé
sudo apt install postfix mailutils mutt bind9-dnsutils

Bí Postfix bá bèèrè irú ètò tí a fẹ́, "Local only" ni kí wọ́n mú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa Wi-Fi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì jókòó ti ẹ̀rọ kan, kí kálukú ní orúkọ tirẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ọ̀kan tẹ èyí láti kọ̀wé sí ẹnì kejì, ká ní Bólá ni:

echo "E kaaro" | mail -s "Idanwo" bola

Bólá á wọlé lórúkọ tirẹ̀, á tẹ mutt, á sì bá lẹ́tà níbẹ̀. Kó tún tẹ less /var/mail/bola: á rí i pé fáìlì lásán tó ṣeé kà ni ímeèlì, tòun ti déètì àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lókè. Kí olùkọ́ má kánjú kúrò níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí i tí lẹ́tà dé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní máa di gbogbo ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́.

Lẹ́tà tó ń lọ síta
Ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti pọ́ọ̀tù 25 pa, nítorí náà Gmail ni kó bá wa gbé e. Kí a tan Wi-Fi padà, kí a tẹ sudo dpkg-reconfigure postfix, kí a mú "Internet with smarthost", kí a kọ [smtp.gmail.com]:587. Ìlà mẹ́rin ló kù tí a ó kọ sínú /etc/postfix/main.cf:

smtp_sasl_auth_enable = yes
smtp_sasl_security_options = noanonymous
smtp_sasl_password_maps = hash:/etc/postfix/sasl_passwd
smtp_tls_security_level = encrypt

Inú sasl_passwd la ó kọ èyí sí:

[smtp.gmail.com]:587 oruko@gmail.com:pasiwoodu

App password oní-lẹ́tà 16 tí Google ń fúnni lẹ́yìn tí a bá tan 2-Step Verification la ó fi síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí a fi ń wọ Gmail. Kí a fi chmod 600 ti fáìlì sasl_passwd mọ́ ojú àwọn ẹlòmíràn, kí a lo postmap lórí rẹ̀, kí a tún tan Postfix.

Bí iná bá lọ
Lẹ́tà kò sọnù. Postfix á tọ́jú rẹ̀, á máa gbìyànjú fún ọjọ́ 5 kó tó dá a padà. mailq á fi àwọn tó ń dúró hàn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Ọdún 1995 ni .ng di ti Nàìjíríà, orúkọ Ibukun Odusote ni wọ́n sì fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, NITDA tó wà níbí ní Abuja ló ń bójú tó .gov.ng. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ dig +short MX nitda.gov.ng láti mọ ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì wọn, kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn tó bá wù ú, kó sì kọ ohun tó jáde wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.