Oṣù Kẹjọ Ni Yóò Dán Iṣẹ́ Yín Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun òrùlé kiri nítorí iṣẹ́ sólà, iṣẹ́ ti pọ̀ lóde. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A sì tún fò sókè sí náírà 225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kò sí àdúgbò tí wọn ò ti í wá onísólà. Ẹni tó ń fa wáyà ilé lánàá ti di onísólà lónìí. N ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i, ìdí wáyà ilé lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá so iṣẹ́ tán, tí gílóòbù tàn, tí àwọn ọmọ ilé pariwo, tí ẹ jọ ya fọ́tò lábẹ́ ínfátà, ọjọ́ yẹn ò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín. Ẹ fi fọ́tò náà pamọ́ ná. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ẹ ó tó mọ̀ bóyá iná lẹ gbé fún onílé tàbí ẹ kàn lọ di ẹrù sí i lára ògiri.

Ní Ìbàdàn níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta jọ, ó lè tó wákàtí 5 oòrùn ọ̀sán gangan. Ní oṣù kẹjọ, òjò lè dáwọ́ dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n sánmà ò ní là. Ọjọ́ tó bá burú nínú oṣù yẹn, wákàtí 3 péré ni kí ẹ máa fi ṣírò. Oúnjẹ tí ilé ń jẹ kò sì ní dín torí pé oòrùn ò ràn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé àkàbà, ẹ jókòó, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ má bi oníbàárà pé "KVA mélòó lẹ fẹ́?" Kí ló fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Èyí tí àbúrò rẹ̀ gbé sí ilé ní Lẹ́kí ló máa dárúkọ fún yín. Bàbá onílé á ní gílóòbù àti tẹlifíṣàn nìkan ni àwọn ń lò. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, kí ẹ wá yíjú sí ẹni tó ń wà nílé látàárọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ta ló máa ń sùn gbẹ̀yìn nínú ilé yìí? Fáànù mélòó ló ń ṣiṣẹ́ mọ́jú? Fíríìjì yìí, ṣé ẹ máa ń pa á lálẹ́? Ṣé ẹ ń ta omi tútù?" Ìgbà yẹn ni fírísà tó wà lẹ́yìn ilé yóò jáde, èyí tí bàbá ti gbàgbé pé òun ló ń san owó iná rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Mọ́níyà, tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta, tí kò ní fírísà. Yúnìtì tí mo fẹ́ fi ṣírò ni yúnìtì NEPA tí gbogbo wa ń rà, wáàtì 1000 fún wákàtí kan. Fáànù onídùúró méjì, wáàtì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 10 mọ́jú, yúnìtì 1.2 nìyẹn. Gílóòbù LED mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9, wákàtí 5, kò tó yúnìtì 0.3. Tẹlifíṣàn àti dẹ̀kódà, wáàtì 100 fún wákàtí 5, ààbọ̀ yúnìtì. Fíríìjì kékeré tí wọ́n kọ wáàtì 120 sí lára máa ń ṣiṣẹ́, á sì tún sinmi; bí a bá ní ìdajì ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ nǹkan bíi yúnìtì 1.4 lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju yúnìtì 3.4 lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti máa ń dé bírò.

Ínfátà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ínfátà 5kVA tí ẹ gbé kọ́ yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ pa gbogbo gílóòbù ilé, òun nìkan lè máa jẹ wáàtì 50. Fún wákàtí 24, yúnìtì 1.2 ni, iye kan náà tí fáànù méjèèjì jẹ mọ́jú. Ilé náà ti di yúnìtì 4.6.

Ẹ wá wo páànẹ́lì. Mẹ́ta, wáàtì 550 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáàtì 1650 ni. Ooru, eruku, wáyà àti ínfátà á gba tiwọn níbẹ̀, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kẹta, wákàtí 5 yóò mú yúnìtì 6 wọlé, onílé á sì máa polówó yín kiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù kẹjọ, wákàtí 3 yóò mú 3.7 wọlé, ilé sì ń béèrè 4.6. Gbèsè nìyẹn lójoojúmọ́, bátìrì ni yóò sì máa san án títí ọwọ́ rẹ̀ á fi gbẹ. Bí páànẹ́lì bá jẹ́ mẹ́rin, wákàtí 3 kan náà á mú 4.9 wọlé. Páànẹ́lì kẹrin tí oníbàárà ń bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi í ṣe nígbà tí mẹ́ta ti ń gbé iná, torí oṣù kẹjọ lẹ ṣe ní kó rà á.

Á ní kò sówó. Òótọ́ lè ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó náà wọlé sí. Bí gbogbo nǹkan inú ilé Mọ́níyà yẹn bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò jẹ tó wáàtì 400; fíríìjì nìkan ló máa fi agbára gbéra fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tó bá ń ta. Kí ni ilé wáàtì 400 fẹ́ fi ínfátà 5kVA ṣe? Ínfátà 2kVA tàbí 3kVA á gbé e láìmí gúlegúle, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ á sì kéré. Owó tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ẹ fi ra páànẹ́lì kẹrin. Èmi ò rí ilé tí ínfátà ńlá mú iná wọ̀ rí. Páànẹ́lì ló ń mú un wọlé, bátìrì ló ń tọ́jú rẹ̀. Ínfátà kàn ń gbé e kọjá ni.

Bátìrì líthíọ́ọ̀mù 24V 200Ah, tàbí 48V 100Ah, yúnìtì 5 ni àwọn méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ilé lò ju mẹ́rin lọ níbẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, ilé tí a ń sọ yìí á jẹ bíi 3.5, nítorí náà ó tó o. Àwọn tó bá fẹ́ bátìrì olómi nítorí owó, ẹ sọ fún wọn pé ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni wọ́n lè lò bí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́. Ohun tó ń pa á jù ni kó máa wà láìkún lójoojúmọ́: nǹkan funfun kan á máa gan mọ́ òjé inú rẹ̀, á sì máa jẹ ẹ̀mí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹjọ ló máa ń kó àrùn, ó wá lè di ọdún tuntun kó tó kú, onílé á wá ní bátìrì ayédèrú lẹ tà fóun. Bí bátìrì 12V bá ti sinmi dáadáa, 12.7 ni mítà yín máa kà bó bá kún, 12.1 bó bá ku ìdajì. Ooru pẹ̀lú: tí ibi tó wà bá fi 10 gbóná ju 25 lórí ìwọ̀n Celsius lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á ku ìdajì. Nítorí náà, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ẹ má gbé e sí abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì gbé e sí yàrá tí èèyàn ń sùn, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń gbiná. Ẹ má da tuntun mọ́ àlòkù. Ẹ tún wo sẹ́tìn ínfátà kí ẹ tó lọ, torí èyí tí wọ́n ṣe fún bátìrì olómi kì í bá líthíọ́ọ̀mù lára mu.

Nípa ọjà, tépù nìkan ni kí ẹ mú dání lọ sí Alábà. Oòrùn ọ̀sán gangan ń da nǹkan bíi wáàtì 1000 sórí mítà kan lóròó, mítà kan níbùú. Páànẹ́lì tó dára òde òní ń gba bíi 20 sí 22 nínú 100 rẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi páànẹ́lì tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní ààbọ̀ mítà, hàn yín, tí wọ́n lẹ wáàtì 300 mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ. Bó ṣe wù kó dán tó, kò lè ju 110 lọ. Èyí tó jẹ́ 550 lóòótọ́ gùn ju ọkùnrin lọ, ó sì máa ń lé díẹ̀ ní mítà 2 àti ìdá kan nínú mẹ́rin.

Lórí òrùlé, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, kí ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀, bíi ìwọ̀n 10, kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ dànù. Kò tó ohun tí à ń bá ara wa jiyàn lé. Òjìji táǹkì omi ló yẹ kó dùn yín: ẹ wo ibi tó ń bọ́ sí láàárọ̀, kí ẹ tún wò ó ní agogo mẹ́rin. Ẹ gba súkúrù sí ibi tó yọ sókè lára páànù, kó sì wọ igi, torí lànlọ́ọ̀dù tí òjò bá jò sí lórí kò ní rántí pé ẹ gbé iná fún ayálégbé òun.

Kí ẹ tó so páànẹ́lì tẹ̀lé ara wọn, ẹ ka iye fóltì tí ínfátà lè gbà. Páànẹ́lì 550 kan máa ń sún mọ́ 50V nígbà tí kò bá gbé nǹkan kan. Mẹ́rin tí ẹ so ní ìtò kan jẹ́ 200V. Àwọn ínfátà kan wà tí wọn ò lè gbà ju 145V lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí 500V kò ní ṣe ní nǹkan kan. Fún ti 145V, ẹ so wọ́n ní méjì méjì. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀, torí òwúrọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ara páànẹ́lì tutù, tí oòrùn wá yọ lójijì, ni fóltì rẹ̀ máa ń ga jù.

Wáyà bátìrì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa. Ínfátà 3kVA tó ń lo bátìrì 24V, bó bá gbé wáàtì 2400, áḿpù 100 ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá. Bátìrì 48V, áḿpù 50. 12V, áḿpù 200. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í fẹ́ 12V nínú ilé tó ní fíríìjì. Fún áḿpù 100 yẹn, wáyà kọ́pà 35mm² ni kí ẹ lò, kó má gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha irun rẹ̀ wò. Èyí tó pupa lóde tó funfun nínú, wọ́n kàn fi kọ́pà bo alumíníọ́ọ̀mù ni. Wọ́n pè mí lọ sílé kan tí ínfátà ti ń pa ara rẹ̀ lálaalẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ínfátà, wọ́n tún ti fẹ́ pààrọ̀ bátìrì. Mo ṣí i, mo bá rí i pé orí wáyà kan ti dúdú, rọ́bà ìdí rẹ̀ ti le gbagidi. Ẹni tó so ó ti ki wọ́ṣà irin bọ àárín orí wáyà àti ojú bátìrì. Orí òkè, lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ni ibùgbé wọ́ṣà. Kọ́pà gbọ́dọ̀ fi ara kan ojú bátìrì fúnra rẹ̀. Wọ́ṣà kékeré yẹn ló fẹ́ fi iná sun ilé. Lẹ́yìn wákàtí kan tí iṣẹ́ yín bá ti ń gbé ẹrù, ẹ pa á, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ẹ tú u.

Ó tún ku bíréékà. Iná NEPA ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń dé òdo, tí iná tó bá fẹ́ tan láàárín bíréékà á fi kú. Iná páànẹ́lì àti ti bátìrì kì í sinmi bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi bíréékà NEPA sí i, ọjọ́ tó bá já, iná á na láàárín méjèèjì, á sì máa jó ike rẹ̀ lọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ DC sí, tí fóltì rẹ̀ tó, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ní ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ pọ́sítíìfù.

Ẹ ya ilà ínfátà sọ́tọ̀ pátápátá, pẹ̀lú níúńtrà tirẹ̀. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún NEPA, tàbí kí ẹ kọ́ àwọn ará ilé láti lọ aṣọ ní agogo kan ọ̀sán nígbà tí bátìrì ti kún, tí oòrùn tó kù kàn ń ṣòfò. Ẹ má sì fi okùn tó ní pulọ́ọ̀gì lórí méjèèjì ti iná padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọlọ́mọ wà lórí òpó.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní Yorùbá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: bí ẹ bá fẹ́ tàn án, bátìrì ni àkọ́kọ́, kí ẹ tó ṣí páànẹ́lì, bí ẹ bá fẹ́ pa á, páànẹ́lì ni àkọ́kọ́, bátìrì gbẹ̀yìn. Ẹ pe ọmọ tó dàgbà jù nínú ilé, kó ṣe é lójú yín lẹ́ẹ̀mejì láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba owó tó kù.