Ìmọ̀ràn Ìlera: Ikọ́ Tí Ata Dídín Ń Fà

ÌBÉÈRÈ: Oúnjẹ ni mo ń tà. Bí mo bá ti da ata sínú epo gbígbóná, tilé-toko ní í máa hukọ́, ti ọmọ-ọmọ mi tó ní ikọ́ fée ló sì ń burú jù lọ. Ṣé kí n máa lo oògùn tí yóò dá ikọ́ náà dúró ni? — Ìyá Olóúnjẹ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí pé ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi ń jẹ ata, a kì í fi ẹ̀dọ̀fóró jẹ ẹ́. Láti gògóńgò títí dé inú ẹ̀dọ̀fóró ni Ẹlẹ́dàá to àwọn ẹ̀ṣọ́ tín-ín-tìn-tín sí, èyíinì ni àwọn iṣan ìmọ̀lára àti sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń yẹ gbogbo ohun tó bá afẹ́fẹ́ wọlé wò, tí iṣan ńlá kan tó gba ọrùn kọjá sì ń gbé ìròyìn wọn lọ sí ìdí ọpọlọ, níbi tí àṣẹ mímí ti ń wá.

Àwọn kan nínú wọn ń ṣọ́ bí ẹ̀dọ̀fóró ti ń fẹ̀: bí a bá mí kanlẹ̀ tó, wọ́n á ránṣẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí a mí síta. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ewald Hering àti Josef Breuer ló ṣàlàyé èyí ní Vienna ní ọdún 1868. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ èéfín, eruku àti oró ata. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló sì fi hàn ní 1997 pé ohun tí iṣan fi ń mọ oró ata náà ló fi ń mọ ooru tó lè jóni. Nítorí náà, bí ata bá ta sí wọn, ọ̀nà èémí á fún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sun, afẹ́fẹ́ á sì fi agbára tú jáde: ikọ́ dé nìyẹn.

Ní ti oògùn tí ẹ béèrè, ẹ má pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́ nígbà tí olè ṣì wà nínú ilé. Ẹ gbé ààrò síta, ẹ má sì jẹ́ kí epo máa rú èéfín kí ẹ tó da ata sí i. Ẹ̀ṣọ́ inú ọ̀nà èémí ọmọ tó ní ikọ́ fée a máa tètè ta gìrì. Kí ó jìnnà sí ibi ìdáná, kí oògùn fífà sẹ́nu tí dókítà fún un sì wà nítòsí. Bí ihà rẹ̀ bá ń wọnú, tí kò lè sọ̀rọ̀ parí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ẹnikẹ́ni tó bá hukọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ nínú ilé yín, kí ó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ife (TB) ni, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.